Ọjọ́ Tí Wọ́n Rán Mi Kí N Lọ Wá Ara Mi

Ìbéèrè kan náà ni gbogbo ènìyàn ń bi mí láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti jáde pé mo fẹ́ du ipò aṣòfin ìpínlẹ̀ láti àdúgbò wa ní Sábọ́n Gàrí. Wọ́n á ní, "Ìyá Sùkúrà, kí ló kàn yín nínú òṣèlú?" Àwọn kan rò pé owó ni mò ń wá. Àwọn kan ní láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni ilé ti sú mi. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. Ikọ́ ló gbé mi dé ibi tí mo wà yìí. Ikọ́ ife ni, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní tarin fuka. Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí láìfọ̀kan pe méjì, nítorí mo mọ̀ pé ẹnìkan wà níbì kan tó ń ka ìwé yìí, tó ń wúkọ́ sínú gèlè rẹ̀ kí ará ilé má baà gbọ́. Ìwọ gan-an ni mò ń kọ ọ́ sí.

Kánò ni wọ́n bí mi sí. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá mi kúrò ní Ọ̀ffà wá síbí, ibí náà ló sì kú sí. Mo ń ta bọ́tìnnì, síìpù àti òwú ìránṣọ ní ìsọ̀ kékeré kan. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, mo máa ń ti ìsọ̀ mi, mo á gbé àpò kọ́ èjìká, mo á máa wọ agboolé kiri. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀ fún mi ni. Mo á dúró láàárín ọgbà, mo á béèrè ní èdè Yorùbá, ní Haúsá àti ní Píjìn pé ta ló ti ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ níbẹ̀. Ẹni tó bá jáde, mo á fún un ní ike kékeré tó ní ìdérí kó tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sí i. Mo á kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀ sára ike náà, mo á sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba fún àyẹ̀wò. Tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ikọ́ ife ni, èmi náà ni mo máa lọ mú ẹni yẹn wá gba oògùn. Bí àwọn ọmọ àdúgbò ṣe sọ mí ní Ìyá Oníkẹ̀lẹ̀bẹ̀ nìyẹn. N kò bínú sí i, iṣẹ́ mi náà kúkú ni.

Nígbà tí ikọ́ tèmi bẹ̀rẹ̀, ọyẹ́ ni mo di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ẹni tó bá mọ Kánò mọ̀ pé tí ọyẹ́ bá dé, eruku la ń mí, eruku la sì ń jẹ mọ́ oúnjẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ó di mẹ́ta, ó di márùn-ún. Èmi tí mò ń sọ fún gbogbo ayé pé ọ̀sẹ̀ méjì ti tó, mo wá ìṣirò mìíràn fún ara mi. Mo ní ti àwọn yẹn yàtọ̀, mo ní eruku ni tèmi.

Lẹ́yìn náà ni òógùn dé. Tí mo bá jí láàárọ̀, ìró tí mo fi sùn á ti tutù bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni. Oúnjẹ kò wù mí mọ́. Àwọn búláòsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ sí mi lára, mo sì kó wọn fún aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi kó bá mi dín wọn kù. Ó wò mí, ó ní, "Ìyá Sùkúrà, ẹ ti ń padà di ọmọge o!" Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́ mọ́ mi lẹ́nu, mo sì yíjú sí ògiri títí ó fi rọlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Àlàájì Múfú, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Òun ni olórí ẹbí wa ní Kánò, ó sì ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bómpáì. Ó gbé oyin àti orógbó wá. Lẹ́yìn ìyẹn ó gbé hántù wá nínú ìgò, omi tí wọ́n fi fọ àyọkà Kùránì kúrò lára wàláà. Lẹ́yìn ìyẹn ó gbé àgbo wá láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Zoo Road. Mo mu gbogbo rẹ̀. N kò ní parọ́ fún yín, mo tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó tún bù sí i. Ṣùgbọ́n ikọ́ kò gbọ́.

Nígbà tí kò gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ilé. Nínú ẹbí wa, àti nínú ọ̀pọ̀ ẹbí Yorùbá tí ń gbé ní Kánò, tí àìsàn ẹnìkan bá ti pẹ́ díẹ̀, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé kí wọ́n gbé e lọ sílé. Ilé yẹn ni Ọ̀ffà, níbi tí n kò ti lo ju ọ̀sẹ̀ kan lọ rí láyé mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Rálíátù, ikọ́ yìí kì í ṣe ojú lásán. Jẹ́ ká gbé ọ lọ sílé. Níbẹ̀, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe máa tọ́jú ẹ, àwọn ọ̀tá kò sì ní gbọ́." Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ìsọ̀, mò ń ya òwú pupa sọ́tọ̀ fún obìnrin kan tó máa ń ṣe iṣẹ́ ọnà sára fìlà. Ikọ́ gbé mi, mo fi ánkáṣífù bo ẹnu. Nígbà tí mo wò ó, mo rí nǹkan pupa tín-ín-rín kan níbẹ̀, mo sì rò pé òwú ló lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fi èékánná fà á kó lè kúrò. Kò kúrò, ṣe ló tàn sára aṣọ náà. Ẹ̀jẹ̀ ni. Mo ká ánkáṣífù náà pa, mo ta òwú fún obìnrin náà, mo sì ṣàdúrà fún un pé kí Ọlọ́run gbé e délé.

Ike mẹ́jọ ló wà nínú àpò mi lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e. Méje jẹ́ ti àwọn ènìyàn tí mo lọ bá nílé wọn. Ìkẹjọ jẹ́ tèmi. Mo mú bírò láti kọ orúkọ mi sí i, ọwọ́ mi kò gbé e. Gbogbo ẹni tó wà ní ilé ìwòsàn yẹn ló mọ̀ mí. Èmi tí mo ti dúró nínú ọgbà tí kò níye, tí mo ń sọ pé kò sí ìtìjú nínú ikọ́ ife, pé àìsàn bí àìsàn ni, ojú wá ń tì mí débi pé n kò lè kọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Mo kọ Sàlámátù Ìdrís, Zoo Road. Mo kó o mọ́ àwọn yòókù, mo sì fà á lé wọn lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ikọ́ níbẹ̀ ń jẹ́ Ládì. Obìnrin gúúsù Kàdúná ni, tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Nígbà tí èsì dé, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó kí mi kú iṣẹ́, ó ní, "Mama, sannu da aiki. This Salamatu for Zoo Road, she get am well well. Abeg, find am bring am come before Friday." Ó na ìwé èsì náà sí mi.

Mo ní, "To," ó dáa. Mo gba ìwé náà, mo dúpẹ́, mo jáde. Báyìí ni wọ́n ṣe rán mi kí n lọ wá ara mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi jẹ́ iṣẹ́ yẹn lódì. Nínú ìwé tí mo fi ń ṣe àkọsílẹ̀, mo kọ ọ́ sí iwájú orúkọ Sàlámátù pé, "A kò bá a nílé." Ọ̀sẹ̀ kejì, mo kọ, "A tún padà lọ, ilẹ̀kùn wà ní títì." Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo kọ, "Wọ́n ní ó ti kó kúrò." Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀, ó sì dára lójú bí òótọ́. Ládì kà á, ó kanra. Ó bi mí pé ṣé obìnrin yìí ní ọmọ. Mo ní ó ní ọ̀kan. Ó mi orí, ó ní, "Allah ya kiyaye," kí Ọlọ́run ṣọ́ ọmọ náà. Mo ṣe àmín. Mo ṣe àmín sí i o, lórí ọmọ tèmi tó ń bá mi sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà.

Tí ẹ bá bi mí pé kí ni mò ń bẹ̀rù, ikú kọ́. Fèrèsé ni. Fèrèsé tí wọ́n ti ń fún àwọn oníkọ́ ní oògùn ní ilé ìwòsàn yẹn kọjú sí títì. Abẹ́ igi dóńgóyárò ni ìlà wà, kò sí ògiri, kò sí òrùlé. Ẹni tó bá ń lọ sọ́jà, ẹni tó ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́, gbogbo wọn ló ń rí ẹni tó tò síbẹ̀, wọ́n sì mọ ohun tí ìlà náà wà fún. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti fi ń mú àwọn ènìyàn lọ síbẹ̀, tí mo ń bínú sí àwọn tó bá yọ́ lọ. Mo máa ń pè wọ́n ní olóríkunkun.

Nígbà tó yá, mo gbà fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sílé. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ní Ọ̀ffà, kò sí ẹni tó mọ Ìyá Oníkẹ̀lẹ̀bẹ̀. Mo lè kú síbẹ̀, kí wọ́n sọ pé ọyẹ́ ló pa mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, mo ti jókòó sínú ọkọ̀ ní gáréèjì. Ẹ̀gbọ́n mi ń bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀. Sùkúrà, ọmọ mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà yẹn, ló gbé àpò mi wá. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀, ó fẹ́ sọ pé ó dàbọ̀. Ikọ́ ló jáde. Ó yára fi híjáàbù bo ẹnu, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo mọ ikọ́ yẹn. Mo ti gbọ́ ọ nínú yàrá tó pọ̀. Mo sì mọ bó ṣe yíjú yẹn, torí ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ ọ.

Mo ní, "Sùkúrà, láti ìgbà wo?"

Àwọn ọmọ wa níbí, tí ẹ bá fi Yorùbá bi wọ́n, Haúsá ni wọ́n á fi dá yín lóhùn. Ó ní, "Mama, ya daɗe." Ó ti pẹ́. Ó ní inú pílò lòun máa ń wúkọ́ sí kí n má baà gbọ́, torí pé ara tèmi náà kò yá.

Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sáré bọ̀. "Rálíátù, ṣé orí ẹ dàrú ni? Ọkọ̀ fẹ́ gbéra!"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò lọ mọ́. Ọyẹ́ kọ́, àwọn ọ̀tá kọ́. Ikọ́ ife ni. Mo ti mọ̀ láti oṣù tó kọjá. Mo sì ti kó o ran ọmọ mi." Mo dá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní adaidaita dúró, èmi àti Sùkúrà wọ inú rẹ̀, a lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ìlà kún. Nígbà tí àwọn tó tò rí mi, wọ́n rò pé iṣẹ́ ni mo wá ṣe. Wọ́n yà fún mi, wọ́n ní, "Mama, ku wuce," kí a kọjá síwájú. Mo ní rárá, a máa tò. A lọ dúró lẹ́yìn. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ bí ìlà náà ṣe gùn tó, àti bí oòrùn ṣe máa ń yí kúrò lẹ́yìn igi tó bá fi di agogo mọ́kànlá. Oníbàárà mi kan kọjá lórí ọ̀kadà, ó juwọ́ sí mi, ó kígbe pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Nígbà tó kàn wá, Ládì gbójú sókè. Ó ní, "Kin samo ta?" Ṣé o ti rí i?

Mo ní, "Na samo ta. Ni ce." Mo ti rí i. Èmi ni.

Ó rò pé mò ń ṣeré. Ó wò mí, ó wo Sùkúrà, ó tún wo ọrùn mi níbi tí búláòsì ti ṣí sílẹ̀. Ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, kò bú mi. Ó fún àwa méjèèjì ní ìbòmú, ó gbé ike méjì tuntun síwájú wa, ó sì na bírò sí mi. Ó ní, "Rubuta sunanki. Naki." Kọ orúkọ rẹ. Tìrẹ.

Sùkúrà ní ikọ́ ife. N kò mọ bí mo ṣe lè kọ gbólóhùn yẹn kó má dùn mí, nítorí náà mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ń wá Sàlámátù, orí bẹ́ẹ̀dì kan náà la jọ wà. Ọdún yẹn ló yẹ kó ṣe ìdánwò àṣejáde, kò lè jókòó ṣe é. Kò sọ ọ́ sí mi lójú rí pé èmi ni mo fa á. Ó sàn kó sọ ọ́.

Oṣù mẹ́fà la fi lo oògùn. Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà, ṣùgbọ́n ó ń béèrè ara. Òwúrọ̀ kùtùkùtù la ń gbé e mì kó tó kan oúnjẹ. Ìtọ̀ wa pọ́n bíi zóbò, ẹ̀rù ba Sùkúrà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní kó má bẹ̀rù, oògùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oríkèé ń dùn wá, èébì ń gbé wa. Lẹ́yìn oṣù méjì, ara mi fúyẹ́, ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí bí alágbàṣe. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń dá oògùn dúró. Ìwọ tó ń kà á, má dá a dúró.

Ẹ̀gbọ́n mi bínú fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó kan ilẹ̀kùn. Kò mú oyin wá, kò mú hántù wá. Ó ní Ládì sọ fún òun pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa wo wá tí a bá ń lo oògùn. Láti ọjọ́ yẹn, ojoojúmọ́ ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Á ní, "Bìsìmílàhì." Tí a bá ti gbé e mì tán, á ní, "Ẹ yanu kí n rí i." Àgbàlagbà ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin ń wo ẹnu wa bí dókítà eyín.

Ní ìsọ̀, ọ̀rọ̀ tàn. Aránṣọ tó dín búláòsì mi kù gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ jìnnà sí mi. Àwọn oníbàárà dín kù. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí n kò retí. Àwọn tí mo ti bẹ̀ títí kí wọ́n tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí wọ́n kọ̀, àwọn náà ló ń wá bá mi fúnra wọn. Wọ́n ní tó bá ti ṣe Ìyá Oníkẹ̀lẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn náà á lọ. Aránṣọ náà padà wá. Ó ní òun ti ń wúkọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Àwọn tó wá yìí ni mo kó lọ, mo sì rí ohun tí mo ti ń rí tẹ́lẹ̀ láìrí i. Tí iná bá lọ, ẹ̀rọ àyẹ̀wò á dúró, wọ́n á ní kí wọ́n padà wá lọ́la. Ẹni tí ojú ti tì kó tó dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní padà wá. Fèrèsé ṣì kọjú sí títì. Mo gbéra, mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìlera ní Airport Road. Ohun tí mo béèrè kò ju ògiri kan, òrùlé kan, ilẹ̀kùn kan láti ẹ̀yìn, àti iná oòrùn fún ẹ̀rọ yẹn. Ìgbà kẹta tí mo lọ, ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù. Ó ní, "Madam, na state matter be this. Go meet your people for your own state."

Mo ní ìpínlẹ̀ mi rèé. Ó rẹ́rìn-ín. Inú bí mi débi pé ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé. Kí n tó délé, mo ti pinnu. Ìdí tí mo fi ń du ipò yìí nìyẹn, ẹ má wá òmíràn. Fèrèsé kan ni mo fẹ́ yí padà.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú wa gbà mí, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n má dárúkọ ikọ́. Ẹ̀gbọ́n mi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ò ro ti Sùkúrà? Ta ló máa fẹ́ ẹ?" Sùkúrà wà nídìí iṣẹ́ ilé, ó dáhùn láti ibẹ̀ pé, "Kawu, ni ma zan faɗa." Òun náà á sọ ọ́.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí tí a ti parí oògùn. Wọ́n yẹ̀ wá wò, ikọ́ náà ti lọ. Sùkúrà ti ṣe ìdánwò rẹ̀. Aránṣọ ti tú àwọn búláòsì mi sílẹ̀ padà. Tí mo bá gun àtẹ̀gùn, mo ṣì máa ń dúró láàárín kí n lè mí díẹ̀, wọ́n ní ó lè má kúrò. N kò mọ̀ bóyá àwọn ènìyàn á dìbò fún mi.

Ní ìpàdé wa tó kọjá, bí mo ṣe dìde láti sọ̀rọ̀, ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Mai tarin fuka!" Oníkọ́ ife. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo dúró títí ẹ̀rín fi tán. Mo ní, "Ni ce." Mo wá sọ fún wọn bí mo ṣe kọ Sàlámátù sára ike, àti ohun tó bá ọmọ mi.

Nígbà tí ìpàdé parí, ọ̀dọ́bìnrin kan ń dúró dè mí lẹ́nu géètì. Ó wúkọ́. Mo ṣí àpò mi, mo fún un ní ike kan, mo sì na bírò sí i. Ó kọ orúkọ kan. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó fa ìlà gba orí rẹ̀, ó sì kọ tirẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀.